Kámẹ́rà Kọ Ẹ̀yìn sí Dorota

Iṣẹ́ mi ni kí n dúró. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo fi ìdajì ọjọ́ ayé mi ṣe ní Hollywood, ohun tí màá sọ fún yín nìyẹn, ẹ sì lè rẹ́rìn-ín tó bá wù yín. Kí òṣèré ńlá tó wọlé wá sọ̀rọ̀, àwọn oníná gbọ́dọ̀ to iná wọn, ẹni tó ń ya fíìmù gbọ́dọ̀ wọn ọ̀nà láti imú òṣèré dé ẹnu kámẹ́rà. Ó máa ń pẹ́, ooru iná náà sì le. Wọn kì í jẹ́ kí òṣèré ńlá wà lábẹ́ rẹ̀ kí àtíkè ojú rẹ̀ máa yọ́. Ẹlòmíràn tó ga tó o, tí irun àti àwọ̀ rẹ̀ jọ tirẹ̀, ni wọ́n á mú lọ síbẹ̀ kí iná máa jó o. Èmi ni ẹlòmíràn yẹn. Opal Twitchell lorúkọ mi, Delphine Marr ni mo sì ń dúró fún, láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọge tuntun nílé-iṣẹ́ wa títí di ọjọ́ tó kẹ́rù rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Kì í ṣe Delphine Marr ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Dorota Marczak ni, ọmọ awakùsà èédú láti Scranton. Ọ̀gbẹ́ni Brannick, tó ni ilé-iṣẹ́ sinimá wa, ló sọ pé Marczak ń há òun lọ́fun bí egungun ẹja, ló bá fún un lórúkọ míì tó dùn lẹ́nu. Wọ́n tún eyín rẹ̀ ṣe, wọ́n fá díẹ̀ nínú irun iwájú orí rẹ̀ kí iwájú náà lè fẹ̀, wọ́n kọ́ ọ ní ìrìn bí ẹni pé kò rìn rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé kóòtù onírun wọ̀ ọ́, wàhálà sì bẹ̀rẹ̀. Ipa kan náà ni wọ́n ń fún un ṣáá: ọmọ olówó tó ń ṣe yẹ̀yẹ́, tó ń ju ife mọ́ ògiri, tó wá ń fẹ́ awakọ̀ bàbá rẹ̀ níkẹyìn. Àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá ti fi èjìká gbọn kóòtù yẹn sílẹ̀ báyìí, gbogbo ilé sinimá á ti máa rẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu.

Ẹ̀rín náà sú u. Mo máa ń sọ fún un pé àìmọye obìnrin ló ń fọ abọ́ ní ìlú yìí tó máa fi ẹsẹ̀ kan ṣe pàṣípààrọ̀ kóòtù yẹn, òun náà á sì ní ó yẹ kí wọ́n wá gbé e lọ. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń wá. Nígbà tó wà lọ́mọdé, kòtò èédú wó pa bàbá rẹ̀. Ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sẹ́nu kòtò náà, níbi tí àwọn ìyàwó àwọn awakùsà ti ń dúró de ìròyìn. Ìyá rẹ̀ kò sunkún, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ń tú okùn épírọ́ọ̀nù ìdáná rẹ̀, ó ń so ó, ó tún ń tú u. Dorota ní òun kò rí ojú tó rí bí ojú ìyá òun lọ́jọ́ yẹn mọ́ láyé òun.

“Ojú ìyá mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, Opal,” ló wí fún mi lọ́jọ́ kan tí mò ń bá a yọ bàtà. “Mi ò tíì rí ibi tí màá gbé e kalẹ̀ sí. Tí tèmi náà bá sì ti hunjọ tán, wọn ò ní jẹ́ kí n ṣe ju ìyá àgbà tó ń gbé tíì wọlé.”

Ohun tó ń lépa nìyẹn. Kì í ṣe òkìkí, ó ti ní i. Kì í ṣe ilé, ó ní ilé tó ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí kò lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ rí. Ó fẹ́ kí kámẹ́rà wo òun lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí òun kò bá rẹ́rìn-ín, kí òun tó darúgbó.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà lábẹ́ àdéhùn Brannick kì í yan ipa. Bí o bá ní o ò ṣe èyí tí wọ́n fún ọ, wọ́n á ní kó o lọ jókòó sílé láìgba owó, gbogbo ọjọ́ tó o bá sì fi jókòó, wọ́n á lọ so ó mọ́ ìdí àdéhùn rẹ. Ẹlẹ́wọ̀n tó bá kọ oúnjẹ, ọjọ́ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ á gùn sí i. Dorota kọ̀, ó jókòó, ó padà, ó tún kọ̀, títí tí kò fi sẹ́ni tó mọ ìgbà tí àdéhùn náà máa parí mọ́. Nígbà tó bá sì jókòó sílé, èmi náà jókòó nìyẹn, nítorí ta ni màá dúró fún? Màá lọ máa gbé kọfí fún àwọn oníbàárà nílé oúnjẹ tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ wa. Màá bú u tọ̀sán tòru nínú ọkàn mi, tó bá di ìrọ̀lẹ́ màá gbé páì tó ṣẹ́ kù lọ bá a nílé.

Olùdarí kan ló wá gbà á sílẹ̀, tàbí ká ní ó gbìyànjú. Emil Rasch lorúkọ rẹ̀, àgbàlagbà kúkúrú tó sá wá láti Vienna, tó máa ń fi sìgá tí kò tanná sẹ́nu. Ó mú ìtàn kan wá, ìtàn àwọn obìnrin tó dúró lẹ́nu kòtò èédú. Brannick ní ta ló fẹ́ san owó wá wo obìnrin tó dúró. Rasch bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́. Níkẹyìn Brannick ní ó dáa, kí wọ́n ṣe é, kí Delphine Marr sì wà níbẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ Grady Tolliver gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí àwọn èèyàn lè rí nǹkan wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Grady Tolliver. Kò burú. Ó máa ń kí gbogbo wa, ó máa ń bi mí léèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn mí. Ojú rẹ̀ dára bí ilé tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kó sí. Ẹṣin nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀, ó ní méjì tó ń sáré ìdíje ní pápá Santa Anita, bó bá sì ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ fún obìnrin nínú fíìmù, ẹṣin ló ń rò. Òun ni wọ́n fi ṣe àbúrò ọkọ Dorota nínú eré náà. Nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní “ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi” níbi gbogbo, kódà níbi tá a ti ń jẹun.

Kì í ṣe kóòtù onírun nìkan ni Dorota bọ́ sílẹ̀, ó pa gbogbo oge tì. Ó ní kí wọ́n má fi àtíkè kun òun. Ó ránṣẹ́ sí Scranton pé kí wọ́n fi épírọ́ọ̀nù ìyá òun ránṣẹ́. Mo dúró fún un lórí eruku èédú tí wọ́n dà sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn eré, mo ń wúkọ́, inú mi sì ń dùn, nítorí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú mi.

Ibì kan wà nínú eré náà tí gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Àwọn tó ni kòtò ti pinnu pé àwọn máa dí ẹnu rẹ̀ pa, nítorí iná ń jó nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ obìnrin náà ṣì wà nísàlẹ̀. Àbúrò ọkọ wá mú obìnrin náà lọ sílé, obìnrin náà ò lọ, ó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Brannick ti sọ fún Rasch pé bí ibẹ̀ yẹn bá tutù lójú òun báyìí, òun á gé e dànù, wọ́n á sì fi ibi tí àwọn méjèèjì ti ń fẹnu konu lórí òkè dípò rẹ̀. Dorota mọ̀. Gbogbo wa mọ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí ẹ tó lè bá mi bínú. Kámẹ́rà kan ṣoṣo ló wà. Bí èèyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ ya àwọn méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbé kámẹ́rà sún mọ́ ojú ẹnì kan, ẹnì kejì á sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, á máa sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kí ẹni tí wọ́n ń yà lè rí ẹni dá lóhùn. Lẹ́yìn náà wọ́n á yí kámẹ́rà padà sí ẹnì kejì. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, kò sẹ́ni tó máa rí i. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń kọ́ ọmọ tuntun nínú iṣẹ́ wa ni pé kó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ẹ́, kó pa ẹkún rẹ̀ mọ́ de kámẹ́rà tirẹ̀. Àwọn òṣèré ńlá míì kì í tilẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá ti ya ojú tiwọn tán, wọ́n ti lọ sílé, obìnrin tó ń tọ́jú ìwé eré ló máa ka ọ̀rọ̀ wọn fún ẹnì kejì.

Lọ́jọ́ náà, Grady ní ojú òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà, nítorí ẹṣin òun ń sáré lọ́sàn-án. Orúkọ rẹ̀ ló tóbi jù nínú ìpolówó eré, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá sì tóbi jù ló ń yàn. Rasch gbà, kò ní ẹnu tó fi máa kọ̀. Wọ́n gbé kámẹ́rà sí Grady, Dorota dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà náà, ó ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bó ṣe yẹ. Grady wò ó. Kò sí nǹkan kan lójú Grady. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe, ó wá dà bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin.

Rasch yọ sìgá lẹ́nu, ó wá bá Dorota níbi tí mo ti di ìborùn rẹ̀ mú. Òun nìkan ló ń pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, yàtọ̀ sí èmi.

“Dorota, ojú ọkùnrin yìí ti kú. Bí mo bá gbé èyí lọ bá Brannick, gígé ni á gé e, tìrẹ náà á sì bá a lọ.”

“Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?”

“Fún un ní nǹkan tó máa rí. Díẹ̀ péré.”

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú, mo sì sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídúró sọ níwájú olùdarí. Mo ní, “Dorota, má dán an wò. Nǹkan yìí ò ní díẹ̀. Tó o bá ṣí i, gbogbo rẹ̀ ló máa dà, kámẹ́rà sì kọ ẹ̀yìn sí ọ.”

Dorota kọjá níwájú mi. Ó lọ bá Grady, ó ní bí òun bá ṣe é fún un báyìí, ṣé á dúró ṣe é fún òun pẹ̀lú nígbà tí wọ́n bá yí kámẹ́rà padà. Grady gbé ọwọ́ lé àyà.

“Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ibo ni mo fẹ́ sá lọ? Ẹṣin á tún sáré lọ́jọ́ míì. Mo wà níbí pẹ̀lú rẹ títí wọ́n á fi paná.”

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Grady sọ tirẹ̀: kó jẹ́ ká lọ sílé, kò sí ohun tó kù níbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ Dorota lọ sí ìbàdí, ó tú okùn épírọ́ọ̀nù náà, ó so ó, ó tún tú u. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

“Mi ò bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo bínú sí i, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń fọ abọ́. Ó ní ó dàbọ̀ o, mi ò dá a lóhùn. Ẹ lè dí ibẹ̀ tó bá wù yín. Èmi ń dúró kó jáde ni, kí n lè bú u tán.”

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé náà nìyẹn, mo ti gbọ́ ọ títí ó ti sú mi. Mi ò gbọ́ ọ rí bẹ́ẹ̀. Kò sunkún. Ojú rẹ̀ kàn ṣí sílẹ̀, obìnrin kan tí mi ò mọ̀ dúró níbẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ń tijú pé àwọn èèyàn ń wo òun. Mo gbójú sókè kí n má bàa sunkún, mo rí ọ̀kan nínú àwọn oníná lórí àjà, ọkùnrin gìrìwò tó máa ń sọ ọ̀rọ̀ rírùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí iná tó dì mú. Grady Tolliver ń kọ́? Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó ń wo Dorota, gbogbo ohun tí kò sí lójú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i wá ń wọlé síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan kó sínú ilé náà níṣojú wa. Rasch kò ní kí wọ́n dúró títí fíìmù inú kámẹ́rà fi tán.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Grady ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún, kí ẹ mọ̀, nítorí òun ni wọ́n yà. Mo gbé àga sábẹ́ Dorota.

Ó kan yíyí kámẹ́rà padà. Gbogbo iná ló gbọ́dọ̀ kúrò láyè rẹ̀, èmi sì lọ dúró lójú àmì tí wọ́n fi ẹfun fà sílẹ̀ fún Dorota, bí mo ṣe máa ń ṣe. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo fi rí Grady tó mú fìlà rẹ̀, tó ń yọ́ rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, “Ọ̀gbẹ́ni Tolliver ń lọ o.”

Olórí àwọn oníná ní, “Opal, dúró jẹ́ẹ́. Mò ń to iná sí imú rẹ lọ́wọ́.”

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn, mi ò kúrò lójú àmì rí, kódà nígbà tí iná jó aṣọ mọ́ mi lára. Mo kúrò níbẹ̀. Mo sáré jáde, èébú àwọn oníná ń tẹ̀ lé mi, mo bá Grady níbi tó ti ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò.

“Ẹ ṣèlérí fún un,” mo ní.

“Opal, ṣé o ò rí ohun tó ṣe nísinsìnyí ni? Obìnrin yẹn lè ṣe é fún ògiri. Kò nílò mi.” Ó fọwọ́ kàn mí léjìká bó ṣe máa ń ṣe. “Bá mi sọ fún un pé bí ẹṣin mi bá wọlé, ọtí wà o.”

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló kó sẹ́nu. Mo dúró sínú èéfín mọ́tò rẹ̀ títí ó fi yí kọ́nà.

Mo padà lọ dúró. Nígbà tí iná tò tán, mo kúrò, Dorota bọ́ sójú àmì, ó wo ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà, kò rí Grady. Hattie Lunt ló wà níbẹ̀, obìnrin tó ń tọ́jú ìwé eré, èèyàn dáadáa tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Hattie ka ọ̀rọ̀ Grady bí ẹni ń ka orúkọ àwọn tó pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ. Dorota tú okùn épírọ́ọ̀nù, ó so ó. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ náà.

Wọ́n tún un ṣe. Aṣelóge fẹ́ ohun tó ń ta ojú sí i, omi jáde, omi lásán. Rasch ní kí ọ̀pọ̀ nínú wa jáde, kó ku ìwọ̀nba díẹ̀, kò ṣiṣẹ́. Ó lọ síbi tẹlifóònù, ó bẹ ọ́fíìsì pé kí wọ́n jẹ́ kó di ọ̀la, kí Grady lè wà níbẹ̀. Wọ́n ní rárá, àwọn káfíńtà ń bọ̀ wá tú ẹnu kòtò náà ká, wọ́n fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn ijó síbẹ̀ fún eré míì. Dorota ń ṣe é lọ, ó ń wá a kiri bí ẹni tó gbàgbé ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí, títí tí Rasch fi ní ó tó.

Nínú yàrá ìmúra, mo ń ká aṣọ tó ti wà ní kíká tẹ́lẹ̀.

“Ó ti jáde, Opal,” ló ní. “Wọ́n ti gbé ojú ìyá mi lọ sí pápá ẹṣin.”

Brannick wo ohun tí a yà, inú rẹ̀ dùn dé etí. Ó ní ta ló mọ̀ pé Tolliver lè ṣe bẹ́ẹ̀! Ó pàṣẹ pé kó jẹ́ ojú Grady nìkan ni àwọn èèyàn máa rí níbi ẹnu kòtò yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ obìnrin náà láti ẹ̀gbẹ́. Ohùn tí wọ́n fi síbẹ̀ pàápàá kì í ṣe ohùn tòótọ́ yẹn. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn, orí Grady ni wọ́n gbé e kọ́ sí nígbà yẹn, ohùn Dorota kò wọ inú rẹ̀ dáadáa. Èyí tó sọ lẹ́yìn náà, nígbà tí ó ti tán nínú rẹ̀, ni wọ́n gé lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn èèyàn jókòó sínú sinimá, wọ́n gbọ́ obìnrin kan tó ń ka ọ̀rọ̀, wọ́n rí ọkùnrin kan tí ọkàn rẹ̀ ń ya, wọ́n sì sunkún fún ọkùnrin náà. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé Tolliver ru eré náà lé èjìká òun nìkan, pé ó dáa kí wọ́n dá kóòtù Mísì Marr padà fún un kí òtútù má bàa mú un. Mo ya ìwé ìròyìn yẹn. Mo tún lọ ra òmíràn kí n lè rí i ya.

Wọ́n fún Grady ní ère wúrà òṣèré tó dára jù lọ́dún yẹn. Ta ni Brannick wá ní kó bá wọn gbé ère náà fún un lórí pèpéle? Ẹ ti mọ̀. Ó ní àwòrán á dára, ìyàwó àti àbúrò ọkọ. Dorota wọ aṣọ fàdákà, ó gbé ère náà fún un, ó rẹ́rìn-ín. Grady dúpẹ́ lọ́wọ́ Brannick, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ aya rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹṣin rẹ̀, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Akọ̀ròyìn kan bi í nísàlẹ̀ pé báwo ló ṣe ṣe ibi ẹnu kòtò yẹn. Ó ní, “Mi ò ṣe nǹkan kan. Mo kàn ń wo ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ ni.” Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé onírẹ̀lẹ̀ èèyàn ni. Ẹ wò ó, òtítọ́ tí ọkùnrin yẹn sọ jù lọ láyé rẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó gbà á gbọ́, òun alára kò gbà á gbọ́.

Mo sọ fún Dorota nínú mọ́tò pé kó pe àwọn akọ̀ròyìn kó sọ bó ṣe rí.

“Kí ni màá sọ? Pé kí wọ́n wo ojú rẹ̀ dáadáa, èmi ló ń wò?”

“Bẹ́ẹ̀ ni!”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń rín nínú kóòtù onírun, mo sì ní kó má rín irú ẹ̀rín yẹn fún èmi.

Ìwé eré tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ olówó tó ń fẹ́ agbọ́tí ni. Ó kọ̀ ọ́. Wọ́n ní kó lọ jókòó, wọ́n so ọjọ́ mọ́ àdéhùn, mo lọ gbé kọfí. Ó padà, kí ni kó ṣe? Rasch ti bá ilé-iṣẹ́ míì lọ. Kò sẹ́ni tó tún mú ìtàn kòtò wá, Brannick sì máa ń sọ fún ẹni tó bá béèrè pé, ṣebí a dán an wò, ṣebí gbogbo ayé rí i pé ẹ̀rín ni iṣẹ́ ọmọbìnrin wa. Ìlà kékeré ti ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Àwọn oníná ti ń fi aṣọ tín-ín-rín bo iná kí wọ́n tó tàn án sí i, kí ìlà náà má bàa hàn, tí mo bá sì ń dúró fún un, mo máa ń mọ̀ lára pé iná náà kò mú bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nínú eré agbọ́tí yẹn, ọmọbìnrin tuntun kan wà, Winnie Sprague, ọmọ àgbẹ̀ láti Kansas, tó ṣe àbúrò Dorota. Ó ní ibì kan ṣoṣo tí kò fi rẹ́rìn-ín nínú gbogbo eré náà, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lé e jáde nílé. Wọ́n ti ya ojú Dorota tán. Mọ́tò rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ti kó báàgì rẹ̀, ó ti wọ kóòtù rẹ̀. Wọ́n yí kámẹ́rà sí ọmọ náà, Hattie Lunt jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n bó ṣe máa ń kà á. Olùdarí tuntun tó wà nídìí eré yìí ń jẹ búrẹ́dì. Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà débi pé ojú rẹ̀ kò dúró síbì kan, wọ́n sì tún un ṣe títí. A gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé kí wọ́n kúkú gé ibẹ̀ yẹn dànù.

Dorota dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Má wẹ̀yìn,” mo ní. “Dorota, mo bẹ̀ ọ́. Ibi tó o ti ṣe irú èyí rí, ṣé o rántí?”

“Mo rántí.”

“Kí lo wá ń padà lọ ṣe?”

“Ọmọ yẹn ò rẹ́ni wò,” ló ní. Ó bọ́ kóòtù náà. “Bá mi gbá èyí mú.”

Ẹ má pa òwe àgbà tó wà lọ́jà fún mi. Ọjà tí wọ́n ti jí ẹrù àgbà náà gbé ni, àgbà kan náà ló tún ń padà lọ tún orí ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Ó fọwọ́ kan Hattie léjìká, Hattie dìde fún un. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà nínú aṣọ ṣẹ́dà rẹ̀, ó yọ bàtà gíga kúrò lẹ́sẹ̀ kí ojú òun àti ti ọmọ náà lè ṣe déédéé. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ sí ìbàdí, ó tú okùn tí kò sí níbẹ̀, ó so ó.

Olùdarí gbàgbé búrẹ́dì lẹ́nu. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ojú Winnie Sprague ṣí bí fèrèsé, pé ibẹ̀ gan-an ni ọmọ náà ti di èèyàn nínú iṣẹ́ yìí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè bá wọn jiyàn, mi ò rí i. Inú ń bí mi, mo gbá kóòtù onírun yẹn mọ́ àyà, mo dúró síbi tí kámẹ́rà kọ ẹ̀yìn sí, Dorota ni mò ń wò.